Ojú lọ̀rọ̀ wà: ohun tí wíwá iṣẹ́ ní Àbújá kọ́ mi

Kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì yẹn, mo lè júwe rẹ̀ títí dòní. Àwọ̀ eérú ni, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba etí rẹ̀ kọjá, ibì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó jóná díẹ̀ bíi pé áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló bọ́ lé e. Ohun tí mi ò lè júwe ni ojú àwọn mẹ́ta tó jókòó lẹ́yìn tábìlì náà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni mo lò níwájú wọn, nínú ilé iṣẹ́ kan ní Wuse 2, nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láyé mi. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo jókòó sí etí àga, mo sì tẹjú mọ́lẹ̀.

Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Kò sí ìbéèrè tí mi ò dáhùn. Ìṣirò owó ni mo kọ́ ní yunifásítì, èsì mi dára, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ni mo bá gbéra, mo padà lọ béèrè.

Akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́ wọn tí wọ́n ń fi Ìjẹ̀bú bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì fà mí lọ sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ omi tútù sí.

"Ọmọ mi, má bínú o. Kò yẹ kí n sọ irú nǹkan báyìí fún ọ. Ìwé rẹ dára, gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní o ò wo ojú ẹnikẹ́ni ni. Ọ̀gá pátápátá ní ó dà bíi pé nǹkan kan wà tí ò ń fi pamọ́, bẹ́ẹ̀ owó ni wọ́n fẹ́ fi lé ọ lọ́wọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo rìn láti ibẹ̀ dé Berger láì wọ mọ́tò, tórí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí omi tó wà lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti wá, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Ìkìrun ni wọ́n ti tọ́ mi. Nílé wa, bí àgbà bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ranjú mọ́ ọn, ìgbátí ló máa ń tẹ̀ lé e. "Ṣé o fẹ́ fi ojú gbé mi mì ni?" Bí ìyá mi ṣe máa ń wí nìyẹn. Nítorí náà, láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ilẹ̀ ni mo máa wò, ohùn mi á sì rọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi pé bí mo bá gbé ohun kan náà dé iwájú ẹni tí kì í ṣe Yorùbá, ní ìlú tí gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà ti pàdé, wọ́n lè pè é ní ojú olè.

Ó pẹ́ kí n tó rí ìtumọ̀ rẹ̀. Ọkọ àǹtí mi, tí mo máa ń pè ní Bùọ̀dá, ló là mí lójú. Ọ̀dọ̀ àwọn àti àǹtí mi ni mo ń gbé ní Mararaba, lẹ́bàá Àbújá, nígbà náà. Mo ń sunkún, mo ń sọ pé ṣé kí n wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́ kí n tó lè ríṣẹ́ ni. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán. Wọ́n wá ní, "Ta ní sọ fún ọ pé Yorùbá kì í wo ojú ara wọn? Àwa náà la sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹjọ́ bá délé, tí wọ́n ní kí o wá sọ ohun tí o rí, ṣé ilẹ̀ lo máa wò? Bàbá rẹ á ní, wò mí lójú kí o sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ń bá wí ló ń dorí kodò. Ẹni tó wá jẹ́rìí, ńṣe ló ń gbójú sókè. Èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ní kí o wá ṣe lọ́hùn-ún?"

Èmi tí mo fi gbogbo ọkàn jókòó síwájú wọn bí ẹni tí wọ́n ń bá wí! Iṣẹ́ tí mo ti fi ọwọ́ mi ṣe ni mo wá jẹ́rìí sí. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti mú ìyàtọ̀ yìí dání. Mi ò gbà fún àwọn tó ń sọ pé kí ọmọ Yorùbá kó ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ dànù kó tó lè ṣe dáadáa níbi iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé wa tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbé kúrò nílé.

Bùọ̀dá ò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n ní kí n jáde lọ síta kí n kanlẹ̀kùn. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jókòó sẹ́yìn tábìlì ìjẹun, wọ́n sì fi ohùn ilé ẹjọ́ pe orúkọ mi lódindi. Àǹtí mi gbé fóònù sọ́wọ́, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo wọn máa ń béèrè: sọ fún wa nípa ara rẹ. Mo bẹ̀rẹ̀: orúkọ mi ni báyìí, ọmọ mẹ́fà ni àwọn òbí mi bí, èmi ni ìkẹta, iṣẹ́ tíṣà ni bàbá mi ṣe…

"Dúró ńbẹ̀," ni Bùọ̀dá wí. "Àwọn tó fẹ́ gbé ọ níyàwó ló máa béèrè ìyẹn. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ mọ ohun tí o lè bá wọn ṣe."

A ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ojú wọn bá ti wúwo jù fún mi, wọ́n ní kí n wo àárín ìpéǹpéjú wọn méjèèjì, pé ẹni tí mò ń wò kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Òótọ́ ni. Mo fi èyí ṣe bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá mi ò nílò rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan tún kù tí wọ́n tẹ̀ mọ́ mi létí: bí mo bá fẹ́ ronú, kí n dákẹ́ kí n ronú. Mo máa ń rò pé bí mo bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n á ní mi ò mọ nǹkan kan, nítorí náà ni mo ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ dí àlàfo.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n máa pè mí, Jabi ni, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí gbogbo ará Mararaba mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí èmi náà mọ̀, àmọ́ tí mi ò kà sí. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15 ni mo jáde. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Keffi láàárọ̀ Mọ́ńdè á ti mọ bó ṣe parí: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Mararaba dé Nyanya, láti Nyanya dé abẹ́ afárá Karu, kí a tó wá mí díẹ̀ ní oríta AYA. Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú ni mo débẹ̀. Òógùn ti mu ẹ̀yìn aṣọ mi. Wọ́n gbà mí wọlé, ìyẹn tilẹ̀ yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo lo ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ láti máa ṣàlàyé ọ̀nà fún wọn. Gbogbo Àbújá ló mọ Nyanya. Bí mo ṣe ń rojọ́ ni mo ń rí i lójú obìnrin tó jókòó láàárín pé ó ti ń ro ó pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa rojọ́ láràárọ̀. Ní tèmi, ó tọ̀nà. Ẹni tó ń gbé lọ́nà yẹn ló yẹ kó mọ ọ̀nà yẹn jù.

Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà síwájú mi. Mo ti kọ ọ́ sínú CV mi pé mo mọ irú ètò kan tí wọ́n fi ń ṣe àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i rí, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ní kí n ṣí i, kí n fi rìsíìtì kan sínú rẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo máa tẹ̀. Ìdákẹ́rọ́rọ́ tó wà nínú yàrá yẹn, mi ò ní gbàgbé ẹ̀. Mo délé, mo pa ìlà náà rẹ́ nínú CV mi, mi ò sì tún kọ ohun tí mi ò lè ṣe síbẹ̀ mọ́ láéláé.

Láàárín ìgbà yẹn ni àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, pé wọ́n ti yàn mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní gbọ̀ngàn báyìí, kí n mú 5,000 náírà dání fún fọ́ọ̀mù. Mi ò bá ilé iṣẹ́ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wá iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lójú ọ̀nà báyìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má san owó fún ẹni tó ní òun fẹ́ gbà yín síṣẹ́. Kí ẹ tó gbéra lọ síbikíbi, ẹ lọ wo orúkọ ilé iṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni ló lè wò ó níbẹ̀. Ẹni tó bá sì pè yín lọ sí ilé àdáni tàbí ibi tó dá, ẹ má lọ.

Àǹtí mi máa ń ṣàníyàn ju èmi gan-an lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ní wọ́n pè mí, ìbéèrè wọn àkọ́kọ́ ni pé, "Ṣé ẹ ò ní pọ̀ jù níbẹ̀?" Àwọn tó wà ní Àbújá lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014 mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Ọjọ́ yẹn ni ogunlọ́gọ̀ ọ̀dọ́ ya lọ sí pápá ìṣeré ńlá Àbújá, àti sí ti àwọn ìlú mìíràn, fún ìdánwò iṣẹ́ ìjọba kan, tí wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, tí àwọn kan ò sì padà délé. Ọmọ àdúgbò wa kan wà níbẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó dé. Mo ń rántí èyí bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta wá dé. Ilé iṣẹ́ tó ń pín ẹrù ìkọ́lé ni, ní Utako, nínú oṣù Kìíní, ọyẹ́ sì mú gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, mo mọ géètì, mo mọ iye tí mọ́tò ń gbà. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Utako níbẹ̀ ni mo sùn. Mi ò ní jáde ní Mararaba láago mẹ́rin òru kí n lọ wọ mọ́tò ẹni tí mi ò mọ̀, nítorí àwọn ọlọ́ṣà tó ń fi táksí gbé ènìyàn wà níta.

Aṣọ tí mo wọ̀, òkìrìkà ni, tí àwọn Hausa ń pè ní gwanjo: kóòtù dúdú kan àti síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì náà fẹ̀ jù fún mi, ọ̀kan nínú àwọn télọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká kiri ló bá mi fún un, ó fa okùn sí i lẹ́ẹ̀mejì kó má baà tú. Àǹtí mi ní kí n jókòó níwájú dígí kí n wo ibi tí yóò fà dé bí mo bá jókòó, torí ìdúró làwọn ènìyàn fi ń wọn aṣọ wò, bẹ́ẹ̀ ìjókòó ni wọ́n máa fi lo èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò náà. Wọ́n gba lọ́fínńdà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, lọ́fínńdà ẹnì kan lè fún gbogbo wọn lọ́rùn. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Àǹtí mi sì mọ̀ pé ìmọ́tótó ni ìrísí náà, kì í ṣe owó gọbọi.

Bàtà ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní Àbújá, bàtà dúdú kì í dúdú ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Sílípáàsì ni mo wọ̀ dé Utako, mo fi rọ́bà wé bàtà mi sínú báàgì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń dán bàtà ń kọjá, ó ń fi igi gbá àpótí rẹ̀ kó, kó, kó. Mo pè é. Ó jókòó lórí àpótí náà, ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku inú rírán bàtà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó fi póníìṣì kàn án. Mo ní kó ṣe é kíá. Ó ní bí eruku bá wà lábẹ́, bí póníìṣì ṣe pọ̀ tó, á tún jáde ni. Mo jẹ́ kó fara balẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mo ń dáhùn ìbéèrè níbẹ̀, nítorí CV mi náà, mo ti gbọn eruku inú rẹ̀.

Màígádì tó wà lẹ́nu géètì jẹ́ bàbá arúgbó. Mo ní, "Ina kwana, Baba." Ojú rẹ̀ là. "Lafiya lau. Kin tashi lafiya?" Ibi tí Hausa mi mọ ò jìnnà sí ibẹ̀ yẹn, àmọ́ bàbá yìí ló fi bẹ́ǹṣì hàn mí tí mo jókòó sí láti pààrọ̀ bàtà, òun ló fún mi ní omi tí mo fi ṣan ẹsẹ̀. Mi ò kí i nítorí iṣẹ́. Wọ́n tọ́ mi pé mi ò gbọ́dọ̀ wọ ilé kọjá lára àgbà láì kí i. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wa sọ fún mi pé òun máa ń béèrè lọ́wọ́ màígádì àti ọmọbìnrin tó ń gbàlejò, bí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe wọlé. Ẹnì kan wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó wọ kóòtù tó dára ju ti gbogbo wa lọ, ó ń pariwo mọ́ ọmọbìnrin náà pé wọ́n ti fi òun sílẹ̀ jù. Bó ṣe wọlé tó rẹ́rìn-ín sí ìgbìmọ̀, wọ́n ti gbọ́ ti ẹnu ọ̀nà.

Ẹni mẹ́ta ló tún jókòó lẹ́yìn tábìlì níbí náà. Ẹni tó jókòó láàárín jẹ́ Alàájì kan, ó dé fìlà Hausa. Mi ò na ọwọ́ sí i. Àwọn ọkùnrin Mùsùlùmí kan kì í bọ obìnrin tí kì í ṣe ìbátan wọn lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kó di pé yóò wá ọ̀nà láti kọ ọwọ́ mi. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, mo tẹrí ba díẹ̀. Òun náà gbé ọwọ́ lé àyà. Obìnrin tó wà lápá òsì rẹ̀ na ọwọ́ sí mi, mo bọ̀ ọ́, ọwọ́ mi ò rọ dẹ̀dẹ̀. Bí mo ṣe ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, orúnkún mi tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò dá a dúró. Mo tẹ orúnkún, mo sì wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni ara mi tó rọ̀.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ara mi. Mi ò dárúkọ bàbá mi. Ìtàn kan ni mo sọ fún wọn, láti ilé ẹ̀kọ́ gírámà tí mo ti ṣe agùnbánirọ̀.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ló ní kí n máa ran akápò lọ́wọ́. Ìparí sáà kìíní, owó tó wà ní báńkì àti èyí tó wà nínú ìwé kò dọ́gba. Ìwé fi 2,700 náírà kéré sí ti báńkì. Kò pọ̀, wọ́n sì ti fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi 9 pín 2,700: ó jẹ́ 300, kò sí ìyókù. Ohun kan wà tí wọ́n ń kọ́ àwa tí a ń ṣe ìṣirò owó, pé bí a bá ṣì nọ́ńbà méjì tó wà nítòsí ara wọn gbé sípò ara wọn, ìyàtọ̀ tó máa jáde yóò ṣe é fi 9 pín. Nítorí náà, mi ò wá owó tó sọnù. Nọ́ńbà tó yí padà ni mo wá. Mo tú rìsíìtì sílẹ̀ lórí ẹní, mo ń wò wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì ni mo rí i: òbí kan san 18,500 náírà, akápò kọ 15,800 sínú ìwé. Wọ́n ti ń dọ́gbọ́n sọ̀rọ̀ sí akápò náà nílé ẹ̀kọ́ yẹn. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, akápò jókòó, kò lè sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo gbàgbé pé mò ń wo ojú ẹnikẹ́ni. Alàájì gbé báírò sílẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí ó fi jẹ́ 9?" Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé. Mo kọ 85, mo kọ 58, mo yọ ọ́: 27. Mo kọ 71 àti 17: 54. Mo ní kí wọ́n mú èyíkéyìí tí wọ́n fẹ́. Ó mú 92 fúnra rẹ̀, ó yọ 29 kúrò, ó ṣe 63, ó sì mi orí.

Wọ́n tún béèrè bóyá mo mọ ètò àkáǹtì tí àwọn ń lò. Mo ní mi ò tíì lò ó rí, pé Excel ni mo mọ̀, mo sì ka ohun tí mo ti fi ṣe kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ṣé mo ní ìbéèrè, mo béèrè ohun tí wọ́n máa fẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá gbà ti tún ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Obìnrin náà ní, "Ìwé àwọn oníbàárà tó jẹ wá lówó." A wá ń sọ ìyẹn bíi pé mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè mí.

Àwọn ènìyàn á sọ pé láìní ẹnì kan lókè, kò sí iṣẹ́ ní Àbújá. Mo mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé iṣẹ́ aládàáni tí owó rẹ̀ lè bàjẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé owó tí kò mọṣẹ́, ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n ń wá lóòótọ́, ó sì ń sú wọn bí wọn ò bá rí i.

Mo mọ̀ nítorí pé èmi náà ti wà ní ẹ̀yìn tábìlì báyìí. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ń fi mí sí ìgbìmọ̀ tó ń gba òṣìṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ ni bí báírò ṣe máa ń tètè rìn. Wọ́n á fún wa ní ìwé tí a máa fi fún àwọn ènìyàn ní máàkì, kí ẹni náà tó fìdí kan àga, ẹnì kan nínú wa á ti kọ nǹkan. Èmi pàápàá ti ṣe é rí. Ní báyìí, mo máa ń fi báírò mi sínú báàgì títí ẹni náà á fi dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣe é, ọ̀kan gbà, èkejì ní òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a ń wá ẹni tó máa mójú tó ilé ìkẹ́rùsí. Ọmọkùnrin kan wọlé láti Ṣakí, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà síméǹtì ní Gwagwalada. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún mi, tí kì í ṣe Yorùbá, gbé báírò ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ náà dìde, ó jókòó sí etí àga, ó tẹjú mọ́ táìlì. Àyà mi já. Mo mọ táìlì yẹn bí ẹni mowó.

Mi ò lè fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò ní dára lójú àwọn yòókù. Wọ́n bi í ní ìbéèrè méjì, ó dáhùn, ohùn rẹ̀ ò jáde dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó kàn mí, mi ò béèrè ohun tó wà nínú ìwé. Mo ní, "Tírélà gbé àpò síméǹtì 600 dé. Ìwé ẹrù sọ pé 600. O wọ inú ilé, o kà á, 580 ni. Kí lo máa ṣe?"

Ó dákẹ́. Mo jẹ́ kó dákẹ́. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi ti fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbé ọwọ́ sí i.

Ọmọ náà ní, "Mà, ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí." Ó gbé ojú sókè. Ó ní òun kì í ka ojú ìta òkìtì àpò nìkan, nítorí àwọn tó ń já ẹrù lè to ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká kí àárín rẹ̀ ṣófo, ẹni tó bá sì ka iwájú kó fi sọ ẹ̀yìn di púpọ̀ á rò pé ó pé. Ó wá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ṣé òun lè gba ìwé kan. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi ló na tirẹ̀ sí i, àti báírò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya òkìtì náà, ìpele kan lórí èkejì, gbogbo wa sì fà súnmọ́ tábìlì.